Ẹ Bi Wá: Ilẹ̀ tó pá lórí, òjò tó ń sáré kọjá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ màlúù àti ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ ló kún àpótí lẹ́tà wa, bóyá ọyẹ́ tó mú gan-an ló fà á, mi ò mọ̀. Mo ṣa márùn-ún nínú wọn torí pé ọ̀kan ń fa èkejì lọ́wọ́. Kí n tètè sọ ọ́ pé mo gbé ọdún mẹ́ta ní Maradi ní ilẹ̀ Nìjẹ̀r nígbà tí mo wà lọ́mọdé, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta páàtì mọ́tò níbẹ̀ (ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, ẹ sì mọ̀ pé kò síbi tí àwọn èèyàn wa ò tajà dé láti ilẹ̀ Haúsá títí wọ Nìjẹ̀r), torí náà ibi tí mo bá ti ní mo rí i, mo rí i ni.

Àgbẹ̀ kan láti Ṣakí béèrè pé: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn Fúlàní kan wà lẹ́yìn oko wa níbí, tí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, tí koríko ti ga dé èjìká èèyàn, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń kó màlúù wọn gba ọ̀nà òkè lọ. Wọ́n ní bèbè aṣálẹ̀ làwọn ń lọ. Koríko wà níbí, wọ́n ń lọ síbi tí kò sí. Ṣé orí wọn pé? Àti pé ṣé òótọ́ ni pé màlúù ló jẹ ibẹ̀ di aṣálẹ̀?

Orí wọn pé o, bàbá mi, lórí ọ̀rọ̀ yìí ó tiẹ̀ lè pé ju tiwa lọ. Koríko tó ga dé èjìká yẹn, ẹ já a kí ẹ fi eyín gé e wò, igi ni. Ó ga lóòótọ́ àmọ́ oúnjẹ inú ẹ̀ ò tó nǹkan. Ti òkè lọ́hùn-ún, ní etí Sàhárà, ó lè máà ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n màlúù tó bá fi oṣù méjì jẹ ẹ́, ara ẹ̀ á máa dán, wàrà á máa kún igbá.

Ohun tó fà á rèé. Koríko ń fẹ́ omi, ó sì ń fẹ́ oúnjẹ inú ilẹ̀, pàápàá nitrogen àti phosphorus, àwọn tí wọ́n ń dì sínú àpò fátílísà yẹn. Níbi tí òjò ọdún kan ò ti ju 200 sí 300 mílímítà lọ (ti Ìbàdàn máa ń lé ní 1,200, ẹ fi wé e), omi ló ń kọ́kọ́ tán. Koríko á ti gbẹ kó tó rí oúnjẹ ilẹ̀ náà jẹ tán, torí náà ìwọ̀nba ewé tó bá hù, oúnjẹ á kún inú ẹ̀ bámú. Bí ẹ bá wá ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ sí gúúsù, omi á máa pọ̀, koríko á máa ga, á wá di pé oúnjẹ ilẹ̀ ló ń tán kí omi tó tán, bí ìgbà tí ọbẹ̀ èèyàn mẹ́ta wá di ti ọgbọ̀n èèyàn, tí wọ́n ń bu omi sí i kó lè kárí. Àwọn onímọ̀ ará Málì àti ará Họ́láńdì tó jọ ṣiṣẹ́ ní Málì ní nǹkan bí 1980 ló fìdí èyí múlẹ̀, ó sì ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu torí gbogbo ayé ti gbà pé àìsí omi nìkan ni wàhálà ibẹ̀. Àwọn darandaran ní tiwọn ti mọ̀ ọ́n lẹ́nu màlúù wọn láti ayébáyé. Ẹ tún fi kún un pé eṣinṣin tsetse tó ń kó àìsàn ran màlúù ò rí ibẹ̀ gbé, ẹrẹ̀ ò sí tí pátákò ẹran á fi máa jẹrà, iyọ̀ sì wà nínú ilẹ̀ àti omi àdúgbò In-Gall ní Nìjẹ̀r, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹran lọ tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n tún ń ṣọdún ńlá níbẹ̀ tí àwọn elédè Faransé ń pè ní Cure Salée.

Ó wá ku ẹ̀sùn yẹn. Lẹ́yìn ọ̀dá ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968, onímọ̀ ojú ọjọ́ kan ní Amẹ́ríkà, Jule Charney, sọ ní 1975 pé bí ẹran bá jẹ koríko tán, iyanrìn funfun á yọjú, iyanrìn náà á máa ta oòrùn padà sókè bí aṣọ funfun ṣe ń ṣe, ooru tó yẹ kó máa ti afẹ́fẹ́ lọ sókè kó fi di òjò á dín kù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á máa rọlẹ̀ wá dípò ẹ̀, òjò ò ní rọ̀, koríko ò ní hù, ilẹ̀ á tún funfun sí i. Ọ̀rọ̀ náà wọni létí, òótọ́ sì wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà lágbára tó láti bá wọn ṣírò ẹ̀ dáadáa, ó hàn pé òkun gan-an ló dá a sílẹ̀, bí omi Atlantic ti ìhà gúúsù àti omi òkun Íńdíà ṣe gbóná nígbà yẹn ni kò jẹ́ kí òjò gòkè dé ọ̀dọ̀ wọn bó ṣe yẹ. Ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ ló wá jẹ́ kí ìyà náà le kó sì pẹ́, títí tó tún fi burú ní 1984.

Àti pé koríko ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ kì í ṣe irú tiwa tó máa ń rúwé látinú ìdí tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọdún kan péré ló ń lò: á hù, á so, á gbọn èso sínú iyanrìn, á kú. Bí màlúù bá jẹ gbígbẹ ẹ̀ lẹ́yìn tó ti gbọn èso tán, kò fi bẹ́ẹ̀ pa ọdún tó ń bọ̀ lára. Ìgbà tó bá ń jẹ ẹ́ kó tó so, lójú kan náà, lọ́dọọdún, ìyẹn ni wàhálà. Ibẹ̀ ni mo ti dá àwọn ìjọba àtàwọn aláàánú òyìnbó lẹ́bi o. Wọ́n lọ gbẹ́ bọ́họ̀ sáàárín ọ̀dàn níbi tí kò ti sí omi ẹ̀ẹ̀rùn tẹ́lẹ̀, inú gbogbo èèyàn dùn, ẹran ọ̀nà jíjìn wá rọ́ jọ sídìí ẹ̀, wọ́n jẹ gbogbo àyíká ẹ̀ kanlẹ̀, nígbà tí ọ̀dá wá le ní 1973 ebi ló pa màlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, kì í ṣe òùngbẹ. Láyé àtijọ́, bí omi inú kòtò bá ti gbẹ, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí kúrò, tí wọ́n fẹ́ tí wọ́n kọ̀, koríko á sì sinmi. Mi ò gbè lẹ́yìn màlúù tó wọ oko yín o, ẹjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, mo kàn ní ká má kó gbogbo ẹ̀sùn Sàhárà lé e lórí ni.

Ọmọ wa kan ní Peckham, London béèrè pé: Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń wo àwòrán sátẹ́láìtì lórí Google Maps, mò ń wá Niamey, olú ìlú Nìjẹ̀r, tí dádì mi ti ṣòwò rí, mo wá rí i pé ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìlú náà ní ilà-ilà, dúdú, funfun, dúdú, funfun. Ta ló kọ ebè tó gùn tó báyìí?

Kò sẹ́ni tó kọ ọ́! Ojú yín mà dára o, torí àwọn tó gbé ibẹ̀ gan-an ò rí i, ó dìgbà tí èèyàn bá wà nínú bààlù. Aṣọ òfì ló jọ lójú tèmi. Àwọn Faransé ń pè é ní igbó ẹkùn, àmọ́ ẹkùn tiwa tó-tò-tó ni, kò ní ilà, ti Íńdíà ni wọ́n ní lọ́kàn.

Òkè pẹrẹsẹ ló wà níbẹ̀, yangí ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, erùpẹ̀ tó bò ó ò jìn. Tí ẹ bá fi ojú lásán wò ó ẹ ó ní ó tẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n ó dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀, kò tó mítà kan nínú ọgọ́rùn-ún. Òjò ibẹ̀ kì í sì í ṣe òjò wínníwínní. Ìjì ló ń gbé e wá, eruku pupa á kọ́kọ́ dìde bí ògiri, ilẹ̀ á ṣú lọ́sàn-án gangan, àwa ọmọdé á máa sáré kó aṣọ, lẹ́yìn náà á dà á sílẹ̀ gììrì fún bíi wákàtí kan, ó parí nìyẹn, ó lè di ọ̀sẹ̀ méjì kó tó tún rọ̀. Ẹ̀kán omi ńlá-ńlá yẹn ló ń gbá ilẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, á lu erùpẹ̀ ẹ̀ kúnná, ìyẹn á dí gbogbo ojú ihò tí omi ì bá gbà wọlé, tí oòrùn bá sì pa á, á di èèpá líle bí ilẹ̀ tí ìyá àgbà fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́. Òjò tó bá tún rọ̀ lé e, púpọ̀ nínú ẹ̀ ò ní wọlẹ̀, á ṣàn lọ ni.

Ṣíṣàn tó ń ṣàn lọ yẹn, igbó tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ díẹ̀ ló ń pàdé. Ewé tó ti jábọ́ wà níbẹ̀, gbòǹgbò wà, ikán ti lu ilẹ̀ ní ihò káàkiri, ibòji sì wà tí oòrùn ò fi ráyè sun ilẹ̀. Omi tó bá débẹ̀ dúró, ó rì. Igbó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ń mu òjò tó rọ̀ sí i lórí, ó tún ń mu ti ilẹ̀ apárí tó wà lókè ẹ̀, tó fi jẹ́ pé ní ìlú tí òjò ẹ̀ ò ju bíi 500 mílímítà lọ, àwọn igi inú ẹ̀ ń jayé bí ẹni pé ìlú olójò ni wọ́n wà. Ìgbà tí omi bá fi máa la igbó náà já, ó ti tán, torí náà ilẹ̀ tún pá, ilẹ̀ tó pá yẹn náà á tún máa kó omi fún igbó tó kàn. Bó ṣe di ilà-ilà nìyẹn. Igi kékeré á máa hù ní etí òkè níbi tí omi ti kọ́kọ́ dé, àgbà igi á máa kú ní etí ìsàlẹ̀, torí náà ilà náà ń rìn díẹ̀díẹ̀ gun òkè, igbó tó ń rìn ni, ẹ rò ó wò.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọkàn sí ni pé ilẹ̀ pípá tó wà láàárín yẹn kì í ṣe àìsàn. Pánù tí wọ́n fi ń gbe omi òjò ni. Tí ẹ bá pín omi náà lọ́gbọọgba fún gbogbo ilẹ̀, kò ní tó igi kankan mu, gbogbo ẹ̀ á kú pátá. Àìsàn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé igbó náà ṣe igi ìdáná fún Niamey, pánù á ṣì máa da omi bó ṣe ń dà á, ṣùgbọ́n kò sí garawa lábẹ́ ẹ̀ mọ́.

Láti Ìlọrin: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní òjò ọ̀hún dín kù, kí ló dé tí odò Ọya fi ń ya bo ilé ní Niamey?

Ọ̀rọ̀ garawa yẹn náà ni. Omíyalé burú níbẹ̀ ní 2010, ní 2012, ó tún burú ní 2020. Láti ìgbà ọ̀dá ni àwọn tó ń wọn odò ti ṣàkíyèsí ohun kan tó rú wọn lójú: òjò ń dín kù, omi tó ń ṣàn wọ odò kéékèèké ń pọ̀ sí i! Igbó ti tín-ínrín, oko ti pọ̀, ilẹ̀ ti di èèpá, omi ò wọlẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni àgbàrá tó ń kún odò ní Niamey láàárín August sí September fi ń pupa bí epo, erùpẹ̀ oko àwọn èèyàn ni. Òjò ti padà díẹ̀ látìgbà náà o, ṣùgbọ́n nínú ìjì líle ló ń bá a wá, sátẹ́láìtì sì fi hàn pé irú ìjì tó le jù yẹn ti di ìlọ́po mẹ́ta iye tó jẹ́ ní 1982. Òjò pọ̀, omi ò sí fún koríko. Ẹ ò rí ayé bí.

Tíṣà kan ní Òṣogbo béèrè pé: Kí ló dé tí wọn ò kàn gbin igi? Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi igi ṣe ògiri láti Senegal dé Djibouti.

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Áfíríkà ló gbé e kalẹ̀ ní 2007, gígùn ẹ̀ bíi 8,000 kìlómítà, fífẹ̀ ẹ̀ 15. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí, èrò yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Aṣálẹ̀ kì í ṣe ọmọ ogun tó ń bọ̀ láti àríwá tí èèyàn á fi ògiri dí lọ́nà. Ibi tó bá wù ú ló ti ń yọ, lẹ́yìn ilé yín, nídìí bọ́họ̀, nínú oko tó ti rẹ̀, bíi làpálàpá. Ọ̀pọ̀ igi tí wọ́n gbìn sínú èèpá kú kí ọdún tó yí po, omi ò wọ ìdí wọn, ewúrẹ́ ò sì bá wọn ṣeré. Àwọn tó wà nídìí ẹ̀ náà ti yí ọwọ́ padà, ìtọ́jú ilẹ̀ àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sọ báyìí ju ògiri lọ.

Èyí tó ṣiṣẹ́, àgbẹ̀ lásán ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní Gourga, ní agbègbè Yatenga ní Burkina Faso, bàbá kan wà tó ń jẹ́ Yacouba Sawadogo. Nígbà tí ọ̀dá ń lé àwọn èèyàn kúrò nílé ní nǹkan bí 1980, ó gbé ọkọ́, ó ń gbẹ́ kòtò kéékèèké sínú ilẹ̀ tó ti yigbì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ oko. Zaï ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, àwọn baba wọn ti ń ṣe é, òun wá gbẹ́ ẹ fẹ̀ sí i, ó sì da ìgbẹ́ ẹran sínú ẹ̀. Àwọn èèyàn ní orí ẹ̀ ti dàrú. Ẹ wo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: ìgbẹ́ ẹran ń pe ikán, ikán ń lu ihò sínú ilẹ̀ láìgbowó, òjò àkọ́kọ́ dé, ó wọ kòtò, ó gba ihò ikán rì lọ sísàlẹ̀ níbi tí oòrùn ò ti lè fà á. Jéró àti ọkà bàbà hù níbi tí kò sí ohun tó ń hù. Kóró igi tí ẹran ti jẹ, tó wà nínú ìgbẹ́ yẹn, náà hù, dípò kó tu ú ó fi sílẹ̀, ó di igbó tó ju hẹ́kítà 20 lọ. Wọ́n tiẹ̀ dáná sun ún fún un nígbà kan, bàbá tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018, ó papòdà ní December 2023.

Ti Maradi ni mo mọ̀ jù. Òyìnbó Australia kan, Tony Rinaudo, tó ti ń gbin igi níbẹ̀ tí wọ́n ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́, dá mọ́tò dúró lọ́jọ́ kan ní 1983 láti dín afẹ́fẹ́ táyà kù kó lè gba inú iyanrìn kọjá, ó wá wo igbó wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà dáadáa, ó rí i pé igi ni wọ́n, kùkùté tó ń rúwé, gbòǹgbò wọn ṣì wà láàyè nísàlẹ̀! Ọdọọdún ni àgbẹ̀ ń ṣán wọn nígbà tí wọ́n bá ń tọ́jú oko. Kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ gbìn, kí wọ́n ṣáà fi ẹ̀ka kan tàbí méjì sílẹ̀ lórí kùkùté kọ̀ọ̀kan kí wọ́n gé ìyókù. Bíi mílíọ̀nù 5 hẹ́kítà ilẹ̀ Nìjẹ̀r ló ti padà ní igi báyìí lọ́nà yìí. Ẹ má rò pé àìmọ̀kan ló jẹ́ kí wọ́n máa ṣán an tẹ́lẹ̀ o. Òfin ìgbà yẹn ní ìjọba ló ni igi, ẹni tó bá gé igi oko ara ẹ̀, ẹ̀ṣọ́ igbó lè bù ú ní owó ìtanràn, ta ló máa wá tọ́jú ohun tó máa kó o sí ìjọ̀ngbọ̀n? Ìgbà tí ọwọ́ òfin rọ̀ ni igi pọ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òjò yìí, èyí ló máa ń dùn mí jù.

Kí n má gbàgbé gawo, bí Haúsá ṣe ń pè é. Ìyẹn igi tó ń ṣe òdìkejì ayé: nígbà òjò á wọ́wé, kò ní figagbága pẹ̀lú jéró tó wà lábẹ́ ẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo igi wà níhòòhò á wá rúwé. Abẹ́ ẹ̀ là ń sá sí lọ́sàn-án, àwa àti màlúù àti ewúrẹ́, ẹran á jẹ èso ẹ̀, á yàgbẹ́ síbẹ̀, jéró tó bá hù lábẹ́ ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ á yàtọ̀ sí tàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ẹ ó mọ̀ ọ́n lójú. Lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò lábẹ́ ibòji yẹn ẹ ó wá jókòó máa yọ karangiya lára ṣòkòtò, koríko ẹlẹ́gùn-ún bí èèmọ́ tiwa, ọmọ ìyà!

Ìyá oníṣòwò kan ní Dùgbẹ̀, Ìbàdàn: Kí ló kàn wá níbẹ̀? Eruku ọyẹ́ nìkan la mọ̀, mo nu tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀, ó ti funfun lálẹ́. Ṣé iyanrìn Nìjẹ̀r ni?

Ìyá mi, ó kàn wá. Afẹ́fẹ́ tó ń gbé òjò lọ bá wọn, láti orí òkun wa níbí ló ti ń gbéra, orí wa ló ń gbà kọjá, àwọn igbó wa ń mu nínú ẹ̀, ewé wọn á tún mí in jáde padà fún afẹ́fẹ́ láti máa gbé lọ. Nígbà tí òjò bá dáwọ́ díẹ̀ fún wa nínú August, tí ẹ ń rí àyè sá èlùbọ́, ó ti gòkè lọ bá wọn ni, ìgbà yẹn gan-an ni tiwọn ń rọ̀ jù.

Ti eruku, èyí tó pọ̀ jù ò wá láti Nìjẹ̀r. Ibì kan wà ní ilẹ̀ Ṣáàdì tó ń jẹ́ Bodélé, láàárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi, afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá bí ìgbà tí èèyàn fẹnu fẹ́ iná. Kò sí ibi tí eruku ti ń gbéra tó bẹ́ẹ̀ lágbàáyé, òmíràn ń fò kọjá òkun dé igbó Amazon. Ìsàlẹ̀ adágún ńlá ayé àtijọ́ ni, tí adágún Ṣáàdì òde òní kàn jẹ́ ìṣẹ́kù ẹ̀, eruku funfun yẹn sì kún fún èèpo ara àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tó ti gbé inú omi náà kó tó gbẹ. Nítorí náà ohun tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n yín, ìyá mi, ó ṣeé ṣe kí òkú inú odò wà nínú ẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, kẹ́ ẹ má fi gbígbẹ nù ún kó má bàa ha á.